Gáàsì Ẹ̀rín àti Eyín Ọmọdé ní Pobè àti Sakété

Bí eyín bá ń dun ọmọ ọdún mẹ́fà ní Pobè tàbí ní Sakété, ọ̀dọ̀ dókítà eyín kọ́ ni ìyá rẹ̀ ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Yóò fi omi iyọ̀ fọ ẹnu rẹ̀, yóò fi kánáfùrù sójú ibi tó jẹrà, tàbí kó ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn lọ́jà. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí igbe ọmọ kò jẹ́ kí ará ilé sùn mọ́, ni wọ́n tó ń béèrè ẹni tí yóò yọ eyín náà. Eyín tó ti dà báyìí kì í rọrùn láti yọ. Ojú ibẹ̀ ti ní ọyún, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó pa ojú ibẹ̀ kú kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹran tó ti wú. Ìdí nìyí tí àgbà méjì tàbí mẹ́ta fi ń di ọmọ mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń fa eyín yọ lẹ́nu rẹ̀ tòun ti ẹkún.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Párísì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí ìtọ́jú mìíràn gbà. Wọn yóò fi ìbòmú kékeré kan bò ó nímú, yóò máa fa gáàsì kan símú, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ara rẹ̀ yóò rọ̀, ẹ̀rù yóò fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ wà lójú, yóò máa gbọ́ ohun tí dókítà ń wí. Nitrous oxide ni gáàsì náà, gáàsì ẹ̀rín lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ìbéèrè tó yẹ ká yẹ̀ wò ni bóyá òun ni àwọn ọmọ Pobè àti Sakété nílò. Èrò tèmi ni pé ó dára, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, kò sì yẹ kó dé nítorí eyín nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí a ń sọ. Ìlú méjèèjì wà ní ẹ̀ka Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n yọ lára Ouémé ní 1999, Pobè sì ni olú-ìlú ẹ̀ka náà. Ilé ìwòsàn agbègbè wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan: ti Pobè ló ń gba àwọn ará Adja-Ouèrè àti Kétu, ti Sakété ló ń gba àwọn ará Ìfọ̀nyìn. Ọ̀ràn tó bá ju agbára wọn lọ, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí, ní ilé ìwòsàn ńlá Ouémé-Plateau, tàbí CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti orílẹ̀-èdè, ní Kútọnú. Láti Sakété dé Àjàṣẹ́ tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Láti Pobè, ó lé ní 50. Fún ìyá tí ń ta gàrí, tó sì tún ní ọmọ mẹ́ta mìíràn nílé, ọjọ́ ọjà kan gbáko ló bá ìrìn náà lọ, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó zémidjan, ọ̀kadà ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2022 pé mílíọ̀nù 514 ọmọdé láyé ni eyín àkọ́hù wọn ti jẹrà. Nínú ìròyìn kan náà, ní ẹkùn Áfíríkà, oníṣègùn eyín kò ju nǹkan bí 3 lọ fún 100,000 ènìyàn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà káàkiri ayé. Inú irú àìtó yìí ni ọ̀rọ̀ gáàsì ti fẹ́ wọlé.

Ẹ̀rù ni gáàsì yìí ń wò sàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rù ọmọdé sì wà tó jẹ́ pé àwa àgbà la fi kọ́ wọn. “Bí o ò bá dákẹ́, mà á ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́.” Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ láti ìgbà tó ti ń rákòrò nìyẹn. Nígbà tó bá wá dé iwájú dókítà, tó gbóòórùn oògùn, tó rí irin tí ń dán, kí ni a fẹ́ kó ṣe? Ọmọ tí wọ́n bá dì mú ṣe ìtọ́jú kì í gbàgbé. Bó bá dàgbà tán, yóò máa sá fún dókítà eyín títí eyín rẹ̀ yóò fi bà jẹ́ kọjá àtúnṣe, yóò sì kó ẹ̀rù náà ran ọmọ tirẹ̀.

Nítorí náà, ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 1959, dókítà eyín Amẹ́ríkà kan, Addelston, ṣàlàyé ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìtọ́jú eyín ọmọdé títí dòní: sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún ọmọ, fi hàn án, kí o tó wá ṣe é. Kò ná ẹnikẹ́ni ní fráǹkì kan. Nọ́ọ̀sì Pobè lè fi dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo ẹnu sọ́wọ́ ọmọ, kí ó ní kó fi wo eyín tirẹ̀, kí wọ́n jọ kà á ní èdè Nàgó, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú abẹ́rẹ́ jáde. Ó lè kọ́kọ́ fi oògùn tí ń pa ojú ibẹ̀ kú pa èrìgì rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ni irú sùúrù yìí tó fún. Àwọn tí kò bá tó fún ni gáàsì wà fún.

Ọwọ́ dókítà eyín gan-an ni gáàsì náà gbà wọ inú ìṣègùn. Joseph Priestley, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe é jáde ní 1772. Ní 1800, Humphry Davy, tó ti fà á símú fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lè wúlò fún iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Ó lé ní ogójì ọdún tó jẹ́ pé eré ìtàgé ni wọ́n ń fi í ṣe, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wo bí àgbàlagbà ṣe ń rẹ́rìn-ín tí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1844, Horace Wells, dókítà eyín ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, lọ wo irú eré bẹ́ẹ̀ tí Gardner Colton gbé wá. Ó rí ọkùnrin kan tó ti fa gáàsì náà, tó ṣèṣe lẹ́sẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára òun. Ní ọjọ́ kejì, Wells fúnra rẹ̀ jókòó, Colton fún un ní gáàsì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ John Riggs sì yọ eyín kan lẹ́nu rẹ̀. Kò dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ fi han àwọn dókítà ní Boston ní oṣù Kìíní 1845, aláìsàn kígbe, wọ́n sì fi Wells ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kú ní 1848, kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà tó wá fi ọlá fún un ní 1864.

Ní ìgbà ayé Wells, gáàsì nìkan ni wọ́n ń fún èèyàn, kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀. Apá kan ohun tí wọ́n ń pè ní oorun jẹ́ àìrí èémí mí. Ní 1868 ni Edmund Andrews, oníṣẹ́ abẹ ní Chicago, kọ́ni pé kí wọ́n máa pò ó mọ́ ọ́síjìn. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí ni kí òǹkàwé dì mú ṣinṣin, torí òun ni gbogbo ọ̀ràn Pobè rọ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí nìyí. Ọ́síjìn nìkan ni ọmọ ń kọ́kọ́ mí símú. Dókítà yóò wá máa fi gáàsì kún un díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣe é. Nígbà tó bá wà láàárín 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ á ní ìka òun ń jó òun yìnrìnyìnrìn, ara òun móoru, ohùn àwọn èèyàn jìnnà díẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró. Bí dókítà bá ní “ya ẹnu,” yóò ya ẹnu. Bí wọ́n bá bi í ní orúkọ rẹ̀, yóò dáhùn. Bí kò bá dáhùn, gáàsì ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù kíákíá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífi ara balẹ̀ àti kíkun èèyàn lóorun nìyẹn, ẹ̀mí ọmọ sì lè wà lórí ìyàtọ̀ náà.

Ohun tó mú gáàsì yìí dáa fún ọmọdé ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Kíá ló ń dé ọpọlọ, kíá ló sì ń kúrò. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ṣe nǹkan kan. Bó ṣe gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọlé ló ń gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ tún mí ọ́síjìn nìkan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí bí gáàsì ṣe ń ya jáde wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè lé ọ́síjìn kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ á dìde, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ẹ̀rọ tí àwọn dókítà eyín ń lò kì í jẹ́ kí ọ́síjìn dín sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ọwọ́ dókítà tilẹ̀ ṣì í yí.

Àwọn ohun kan wà tí gáàsì kò lè ṣe, ó sì yẹ kí òbí mọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á fún wọn bí idán. Kì í pa ìrora eyín tán. Abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú ṣì gbọ́dọ̀ wọlé, ohun tí gáàsì ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà ba ọmọ lẹ́rù. Kì í ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí kò gbà kí wọ́n fi nǹkan bo òun nímú, ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í sábà gbà. Imú sì ni ó ń gbà wọlé: nígbà ọyẹ́, tí imú ọmọ dí, tàbí fún ọmọ tí ń fi ẹnu mí nítorí ẹran tó wú lẹ́yìn imú rẹ̀, ìbòmú kò wúlò. Àwọn olùṣèwádìí àjọ Cochrane, tí ń ṣàkójọ ẹ̀rí ìṣègùn, tú ìwádìí 50 wò ní 2018, àwọn ọmọ inú wọn jẹ́ 3,704. Oògùn midazolam tí ọmọ ń mu lẹ́nu ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Ti gáàsì ṣe rere, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó gbé e lẹ́sẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ Folayan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ̀wé lórí ẹ̀rù ọmọdé lọ́dọ̀ dókítà eyín fún ìgbà pípẹ́, wọ́n dán ketamine àti diazepam wò. Oògùn tó wà ní àrọ́wọ́tó ilé ìwòsàn wa ni wọ́n mú, mo sì gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ oògùn tí ọmọ bá ti gbé mì kò ṣeé yọ padà bó bá pọ̀ jù. Gáàsì, ṣe ni wọ́n ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ padà. Ní ti kíkun ọmọ lóorun pátápátá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é níbikíbi tí kì í ṣe ọsibítù láti ìparí 2001, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kan ti kú lórí àga dókítà eyín.

Ewu gáàsì náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ó máa ń ba fítámì B12 jẹ́ nínú ara. Fún ọmọ tó jẹun kánú, tó sì fà á símú fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò ní ìpalára kankan. Ọmọ tó jẹ́ pé àkàsà àti ata ni oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹran, ẹja àti ẹyin kì í sábà kàn án, tí wọ́n wá ń fún ní gáàsì léraléra, ìyẹn lè dá àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn iṣan sí i lára. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS tún wà níbẹ̀, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Gáàsì yìí kì í ṣe èèwọ̀ fún wọn. Ní ilẹ̀ Faransé wọ́n máa ń fi í dín ìrora kù nígbà tí egungun bá ń dun irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn ni kí ọ́síjìn dín kù lára wọn, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí òtútù mú wọn. Dókítà tí kò bá béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó tó gbé ìbòmú, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn jù, tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù, ni àwọn nọ́ọ̀sì. Gáàsì tí ọmọ bá mí jáde kò lọ ibì kan; inú yàrá ló wà, ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ló sì ń fà á símú láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992 fi hàn pé àwọn obìnrin tí ń ran dókítà eyín lọ́wọ́, tí wọ́n ń wà nínú gáàsì náà fún wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tí ń fà á jáde, oyún kò tètè dúró fún wọn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Yàrá kékeré tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ni ibi tó burú jù láti lò ó. Bí wọn kò bá lè ra ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì jáde síta, kí wọ́n má ra gáàsì rárá. Èmi kò fara mọ́ kí ọmọ kan rí ìtura lórí oyún nọ́ọ̀sì.

Ti ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀: kílò kan gáàsì yìí ń mú ayé gbóná ju kílò kan èéfín carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 270 ó lé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fà á símú fún fàájì sì ti mú kí Bìrìtéènì fi í sínú òfin oògùn olóró ní oṣù Kọkànlá 2023. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Ó kù ká mọ irú èyí tó yẹ Plateau. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ tí ń po gáàsì mọ́ ọ́síjìn láti inú sílíńdà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí dókítà ń yí bó ṣe fẹ́. Èkejì ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní MEOPA: ìdajì gáàsì, ìdajì ọ́síjìn, tí wọ́n ti pò pọ̀ sínú sílíńdà kan láti ilé iṣẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí i fún àwọn ọsibítù ilẹ̀ Faransé ní 2001, wọ́n sì gba àwọn dókítà eyín tí kì í ṣiṣẹ́ ní ọsibítù láyè láti lò ó ní 2009. Àwọn dókítà Benin tó kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé yóò rí ìwé rẹ̀ kà láìsí ìṣòro. Kò ṣeé yí sókè sódò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì fún ọmọ ní gáàsì láìsí ọ́síjìn. Òtútù tó ju ti omi dídì lọ nìkan ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú sílíńdà. Ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ ní Pobè. Òun ni èmi yóò mú.

Síbẹ̀, ọ́síjìn gidi gbọ́dọ̀ wà nítòsí fún ìgbà pàjáwìrì, pẹ̀lú ẹni tó mọ bí a ṣe ń ran ọmọ tí kò mí lọ́wọ́. Bí ọ́síjìn ilé ìwòsàn agbègbè kò bá tó fún ọmọ tuntun tí kò mí dáadáa àti ọmọ tí òtútù àyà dá dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé sílíńdà kan lọ sí yàrá eyín.

Èyí ló mú mi sọ pé kò yẹ kí gáàsì dé nítorí eyín nìkan. Ní Pobè ni ibùdó ìtọ́jú egbò Buruli wà, tí àjọ Raoul Follereau ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí àrùn náà ń mú ní Áfíríkà ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣí egbò tó gba gbogbo itan ọmọ, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n tún ń dì í, yóò mọ̀ pé ìrora eyín kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí omi gbígbóná bó, ọmọ tí ọ̀kadà gbá tí wọ́n fẹ́ rán lójú ọgbẹ́, gbogbo wọn ni gáàsì kan náà wúlò fún. Ní Bìrìtéènì, láti 1961 tí Michael Tunstall ti pò ó pọ̀ sínú sílíńdà kan, àwọn aboyún ló ń lò ó jù nígbà ìrọbí. Ilé ìwòsàn tí kò lè ra sílíńdà nítorí eyín ọmọ mẹ́wàá lóṣù lè rí ìdí láti rà á nígbà tí yàrá ìbímọ, yàrá egbò àti yàrá eyín bá pín in lò. Àwọn tí ó máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀, ọwọ́ wọn á sì mọ́ ọn lára, torí lílò ojoojúmọ́ ló ń kọ́ ọwọ́ ní irú iṣẹ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ihò kékeré, tí kò tíì wú. Irú ọmọ yìí ló pọ̀ jù, ó sì lè má nílò gáàsì láéláé. Ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni ọ̀nà kan ti jáde: ní Tanzania, ní àárín àwọn ọdún 1980, Jo Frencken, ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ọwọ́ kéékèèké ha ibi tó jẹrà kúrò, láìsí iná mànàmáná, láìsí ẹ̀rọ tí ń kùn, tó sì ń fi símẹ́ǹtì eyín tí ń tú fluoride jáde dí ihò náà. Abẹ́rẹ́ kì í sábà wọ̀ ọ́. WHO gbé ọ̀nà náà lárugẹ ní 1994. Èkejì ni oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní silver diamine fluoride, tí Japan fọwọ́ sí ní 1970. Ìkán díẹ̀ ni wọ́n ń fi kan ibi tó jẹrà, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìjẹrà á sì dúró nínú ọ̀pọ̀ eyín bẹ́ẹ̀. Kò sí irin, kò sí abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè ṣe é nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ní 2021, WHO fi í, pẹ̀lú símẹ́ǹtì náà àti ọṣẹ eyín tó ní fluoride, sínú àkójọ àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò yẹ kó ṣaláìní. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní lójú òbí ni pé ó ń sọ ibi tó jẹrà di dúdú kirikiri, títí eyín náà yóò fi bọ́. Fún eyín ẹ̀yìn, ìyẹn kò tó nǹkan. Fún eyín iwájú ọmọbìnrin, kí wọ́n bi ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó fi kàn án, kí wọ́n sì gba ohun tó bá wí.

Bí ọ̀ràn náà bá wà lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ìlera ní Plateau, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n kó irin ọwọ́, símẹ́ǹtì àti oògùn olómi yẹn fún ilé ìwòsàn Pobè àti ti Sakété, kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì méjì méjì níbẹ̀ bí a ṣe ń bá ọmọ tó ń bẹ̀rù sọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń gún un láì dùn ún. Gáàsì, kí ó kọ́kọ́ wà ní Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn tí ń kun èèyàn lóorun ti wà nítòsí, ní ọjọ́ kan tí gbogbo Plateau mọ̀ lóṣooṣù, kí ọkọ̀ kan sì máa kó àwọn ọmọ àti ìyá wọn lọ kó sì dá wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ ní ìlú méjèèjì: ọmọ mélòó ni wọ́n tọ́jú pẹ̀lú sùúrù nìkan, mélòó ni wọ́n ní láti rán lọ sí Àjàṣẹ́, mélòó nínú wọn ni kò lọ nítorí owó tàbí nítorí ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó bá ka ìwé yẹn pa pọ̀ mọ́ ti ibùdó egbò àti ti yàrá ìbímọ yóò mọ̀ bóyá ó ti tó àkókò kí sílíńdà àkọ́kọ́ wọ Pobè.